Èjìká tí kò dunni mọ́ kọ́ ni èjìká tó ti jinná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń gbé irin ní jíìmù, kílò 100 ni mo sì ń gbé ní bench press, èyí tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ ti irin sókè láti àyà, kí ọ̀kadà tó gbé mi ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbalẹ̀. Àwòrán MRI fi hàn pé supraspinatus, iṣan kan lókè èjìká, ti já kúrò lára eegun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ihò kéékèèké ni wọ́n gbà ki kámẹ́rà bọ èjìká, wọ́n sì rán an padà. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ 11. Kò dùn mí mọ́ rárá, apá mi sì ti ń gòkè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní jíìmù ní kí n wá fi irin lásán bẹ̀rẹ̀, kílò 20 péré. Ìyàwó mi ní kò sí ibi tí mò ń lọ. Ìgbà wo ni mo lè padà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ṣé n óò sì tún lè gbé 100 láyé mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀: irin kílò 20 yẹn kò tíì kàn yín. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín sún mọ́ òótọ́ ju ti àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò ní í sọ pé kò sí ibi tí ẹ ń lọ. Iṣẹ́ wà tí ẹ lè máa ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, irin náà yóò sì dé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni pé kò dùn yín mọ́. Mo mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ ni lójú tiyín. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ físíò tí mò ń ṣe, ẹni tí apá ṣì ń ro kì í sábà ba iṣẹ́ abẹ rẹ̀ jẹ́, torí ìrora fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un. Ẹni tí ara ti tù, tó ti ń fi apá náà wẹ̀, tó ti ń wa mọ́tò, òun ni mo máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ìrora máa ń lọ kí okùn tó so iṣan mọ́ eegun tó mú dáadáa. Àárín ìgbà méjèèjì yìí ni okùn náà ti máa ń tún já, àárín rẹ̀ gan-an lẹ sì wà báyìí.

Ẹ wo bí bíríkìlà ṣe ń da dẹ́kì. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n da kọnkéré, ojú rẹ̀ ti gbẹ, èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí bíríkìlà tó mọṣẹ́ tí yóò yọ àwọn igi tó gbé e dúró lábẹ́ lọ́jọ́ náà. Òwú tí dókítà fi rán iṣan yín, àti àwọn ìdè kéékèèké tó gbá mọ́ eegun, igi abẹ́ dẹ́kì ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di iṣan mú sójú ibi tó yẹ títí ara yóò fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun fúnra rẹ̀. A kò ṣe wọ́n kí wọ́n máa ru ẹrù. Bí ẹ bá di ẹrù lé wọn kí ara tó parí iṣẹ́ tirẹ̀, òwú lè la iṣan kọjá bó ṣe máa ń ya aṣọ tó ti gbó.

Ara kì í sì í yára níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, ohun tó wà lójú ibẹ̀ kò ju àpá rírọ̀ lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 12, ó sábà máa ń ti mú débi tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára díẹ̀ dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ń le sí i fún oṣù púpọ̀, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tó tún já, láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń já.

Kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ iṣan tí wọ́n rán yìí? Ẹ rántí obìnrin tó ru ìkòkò omi lórí òṣùká. Ìkòkò tóbi, òṣùká kéré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orí eegun apá ṣe jókòó sí ihò èjìká: ihò náà kò gba ìdá kan nínú mẹ́ta orí eegun yẹn. Òun ló jẹ́ kí apá lè yí síbi gbogbo, òun náà ló jẹ́ kó rọrùn láti yẹ̀. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká tí wọ́n ń di ìkòkò mú lórí òṣùká: supraspinatus lókè, subscapularis níwájú, infraspinatus àti teres minor lẹ́yìn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń pè ní rotator cuff. Bí ẹ bá gbé apá sókè, iṣan ńlá tó bo èjìká láti ìta yóò máa fa orí eegun lọ sókè, àwọn mẹ́rin yìí ni yóò máa fà á padà sáàárín ihò rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé irin fún ọdún 10, iṣan àyà rẹ̀ àti iṣan ńlá yẹn máa ń tètè rántí iṣẹ́ wọn. Àwọn kékeré ni kì í tètè rántí. Ìdí nìyẹn tí kílò 20 fi lè fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, kó sì jẹ́ pé ẹrù tó pọ̀ jù ni fún iṣan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Ẹ fi ọwọ́ òsì, èyí tí nǹkan kan ò ṣe, dán èyí wò. Ẹ di gálọ́ọ̀nù omi lítà 5 mú mọ́ àyà. Kò le. Ẹ wá na apá náà síwájú gbọnrangandan. Omi kan náà ni, kílò 5 náà ṣì ni, àmọ́ èjìká ti ń gbọ̀n. Bí ẹrù bá ṣe ń jìnnà sí ara ló ṣe ń wúwo fún èjìká. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “kílò báyìí péré ni,” ẹ bi í pé ibo lẹ óò ti dì í mú.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ béèrè bí ibi tó já ṣe tóbi tó, bóyá supraspinatus nìkan ni tàbí iṣan mìíràn bá a lọ, àti bóyá ó fọwọ́ kan okùn biceps, iṣan iwájú apá. Bó bá gé okùn biceps tó sì kàn án síbòmíràn, bó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà míì, curl, ìyẹn kíká ìgúnpá gbé irin, náà ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ibi tó já bá tóbi, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún gbogbo iye tí mo bá dá. Ọ̀rọ̀ dókítà tó fi ojú ara rẹ̀ rí inú èjìká yín ló borí tèmi. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀, torí ó ń dí ara lọ́wọ́ láti lẹ okùn mọ́ eegun. Ẹ sì lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àtọ̀gbẹ tí a kò mọ̀ pé ó wà lára máa ń fa ìwòsàn sẹ́yìn, ọjọ́ orí yín sì ti tó ẹni tó yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá kan ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ rọra gbé apá méjèèjì sókè pọ̀. Ẹ wo èjìká ọ̀tún. Ṣé ó ń sáré lọ bá etí kí apá tó dé ìdajì ọ̀nà? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọrùn lẹ fi ń gbé apá náà, supraspinatus kò tíì wá síbi iṣẹ́. Ẹ sọ pé apá yín ti ń gòkè, mo gbà, àmọ́ bó ṣe ń gòkè ṣe pàtàkì ju ibi tó dé lọ. Títí tí èjìká méjèèjì yóò fi máa lọ bákan náà nínú dígí, iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́ gòkè, kí ẹ sì máa dín ìrànlọ́wọ́ náà kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń sú ẹni tó ti gbé 100 rí. Ẹ ṣe é.

Tó bá pé ọ̀sẹ̀ 12 tí dókítà sì fọwọ́ sí i, ògiri ni irin yín àkọ́kọ́. Ẹ dúró kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjú sí ògiri, ẹ ká ìgúnpá, kó wà mọ́ ìhà, ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri. Apá kò ní í kúrò lójú kan. Kí agbára tí ẹ óò lò má ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára yín lọ, ẹ ka 10, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe, títí yóò fi di ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bí èyí, rọ́bà ló kàn. Ẹ so ó mọ́ ojú fèrèsé tàbí òpó tó dúró dáadáa, ẹ ká tówẹ́lì kékeré há abíyá, ẹ ká ìgúnpá, kí ẹ wá máa ṣí ọwọ́ síta bí ilẹ̀kùn. Tówẹ́lì yẹn nídìí: bó bá já bọ́, ẹ mọ̀ pé ìgúnpá ti kúrò ní ìhà, iṣan ńlá ti gba iṣẹ́ mọ́ iṣan kékeré lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jíìmù wa ló ń lo rọ́bà inú táyà, ṣùgbọ́n ó máa ń le jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ lè fà nígbà 15 láìfún eyín pọ̀. Ẹ ṣe 15 lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ kan láàárín. Ẹ fi fífa rọ́bà wá sí ìhà bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi kún un, torí iṣan ẹ̀yìn ló ń gbé eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká dúró, ibẹ̀ sì ni òṣùká wa wà.

Ìgbà wo lẹ óò mọ̀ pé ẹ ti ṣe jù? Òfin tí mo fi ń bá àwọn aláìsàn mi lò kò le. Bí ìrora bá jẹ́ 0 sí 10, èyí tí kò ju 3 lọ nígbà tí ẹ ń ṣe é, mo lè gbà á, bí kò bá gún yín bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni adájọ́. Bí èjìká bá ro yín lóru, tàbí tí apá kò gòkè tó ti àná nígbà tí ẹ jí, ẹ padà sí iye tí ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí òfin yìí tó lè ṣiṣẹ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó wọ jíìmù. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: diclofenac láàárọ̀, irin lọ́sàn-án, ẹkún lálẹ́. Ẹ ti pa ẹnu ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ fún yín mọ́.

Láti bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dumbbell, irin kékeré tí à ń fi ọwọ́ kan gbé, lè wọlé. Kílò 2, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 4. Ẹ má gbé e sókè ní ẹ̀gbẹ́ tààrà, ẹ mú apá wá síwájú díẹ̀, bí ẹni fẹ́ na ọwọ́ gbá ẹlòmíràn mọ́ra. Ọ̀nà yẹn ni ojú ihò èjìká kọ sí, ó sì máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Push-up pẹ̀lú, lára ògiri kọ́kọ́, kó tó kan etí tábìlì, kó tó kan ilẹ̀. Ìgbà yìí ni 10 lẹ́ẹ̀mẹta tí gbogbo jíìmù ń ṣe máa wúlò fún yín, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo aláìsàn ló ti wá. Thomas DeLorme, dókítà kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fi irin gbígbé tọ́jú àwọn sójà tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Watkins là á sí mẹ́ta: 10 pẹ̀lú ìdajì ẹrù, 10 pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, 10 pẹ̀lú odindi. Odindi tí wọ́n ń sọ ni ẹrù tí ẹ lè gbé nígbà mẹ́wàá, kì í ṣe èyí tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lo ìlànà yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ óò rí i pé ìgbà méjì ni iṣan ti gbóná kí ẹrù gidi tó dé.

Bench press tí ẹ ń wá wàyí. Nǹkan bí oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo lè gbà kí ẹ di irin lásán mú, bí dígí, rọ́bà àti dumbbell bá ti lọ dáadáa. Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbé dumbbell láti àyà. Ilẹ̀ yóò dá ìgúnpá dúró, kò ní í lè lọ sẹ́yìn kọjá ara, ibẹ̀ sì ni èjìká tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti máa ń jìyà jù. Nígbà tí ẹ bá dé orí bẹ́ǹṣì, ẹ yí dídì yín padà. Ẹni tó ń gbé 100 sábà máa ń la ọwọ́ gbòòrò kí ọ̀nà irin lè kúrú. Ẹ mú un wọlé, kí àárín ọwọ́ méjèèjì má ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú èjìká yín lọ. Kí ìgúnpá má yà sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, kí ó sún mọ́ ìhà. Ẹ ká aṣọ tó nípọn lé àyà kí irin kàn án kó tó kan ara, kí ẹ sì máa dín in kù bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ. Kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn yín nígbà gbogbo, nítorí gbígbé irin kúrò lórí ìkọ́ àti dídá a padà lè pa èjìká lára ju gbígbé gan-an lọ. Kílò 2.5 lọ́sẹ̀ kan ti tó láti fi kún un, bí àárọ̀ ọjọ́ kejì bá gbà á.

Títi irin sókè orí ni yóò kẹ́yìn, lẹ́yìn tí bench press bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Títì í láti ẹ̀yìn ọrùn, tàbí fífa irin okùn wá sí ẹ̀yìn ọrùn, àti dips tí èèyàn ń rì sísàlẹ̀ pátápátá, mo bẹ̀ yín, ẹ má padà sí wọn mọ́. Kò sí iṣan tí wọ́n ń kọ́ tí ọ̀nà mìíràn kò lè kọ́.

Ní ti ìyókù ara, kò sí ìdí tí ẹ fi ń jókòó sílé. Ẹsẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé irin lé ẹ̀yìn ọrùn fún squat, ìyẹn lílóṣòó pẹ̀lú irin, nítorí bí apá ṣe máa yí sẹ́yìn láti dì í mú. Ẹ máa fi ọwọ́ òsì gbé dumbbell pẹ̀lú. Bí apá kan bá ń ṣiṣẹ́, agbára èkejì tó ń sinmi kì í lọ tó bó ṣe yẹ kó lọ, torí ọpọlọ kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì. Kí oúnjẹ yín ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ìwé àwọn òyìnbó kì í kọ síbẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni yín, ẹ óò lọ síbi ìnáwó, ẹ óò rí àwọn àgbà. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tó sì fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde ti ṣe push-up kan tí kò múra sílẹ̀ fún, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Títí ẹ óò fi lè ṣe push-up nílẹ̀ láìsí wàhálà, ẹ tẹ̀ba, ẹ fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ ni ẹ ṣe. Kò sí àgbà tó fẹ́ràn yín tí yóò bínú. Bákan náà ni fífi ọwọ́ ọ̀tún gba ọ̀pá danfo mú nígbà tó ti ń lọ, àti gbígbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi jáde nínú kànga. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ èjìká náà kó wá fà á “kó lè nà.” Ohun tó le níbẹ̀, sùúrù ló ń tú u.

Bí ẹ bá gbọ́ “pá” nínú èjìká, tí apá kò sì lè gòkè mọ́ lójijì, tí ibẹ̀ bá wú tó gbóná, tí ojú ihò iṣẹ́ abẹ bá ń ṣe omi, tí ibà bá ń mú yín, tàbí tí ìka bá ń kú, ẹ má kọ̀wé sí mi, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ní Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ̀ka físíò ilé ìwòsàn UCH wà, àwọn ilé físíò aládàáni náà wà. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní físíò nínú jíìmù, ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ wa sílẹ̀. Ẹ má tijú láti béèrè.

Kílò 100 wá kù. Mo ti rí ẹni tó padà sí iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀, mo ti rí ẹni tó dúró sí 80 tí èjìká rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́jẹ́, ara tù ú. N kò lè búra fún yín èwo ni yóò jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n kí ó tó pé oṣù 9 sí ọdún kan, ẹ má dán ẹrù tó wúwo jù wò rárá. Ohun tó máa sọ fún wa kì í ṣe bench press. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìfàkọ́ kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń rìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì. Ẹ so ìkọ́ rẹ̀ mọ́ òpó, ẹ há tówẹ́lì sí abíyá, ẹ fà á síta bí ẹ ti ń fa rọ́bà, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ẹ ṣe òsì náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tún bá tó 9 nínú 10 ti òsì, a lè jọ jókòó sọ̀rọ̀ ẹrù tó wúwo. Ẹ má fi òṣùwọ̀n náà kan ọ̀tún títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà náà, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.